Ẹdùn Àrá Kì í Ṣe Ohun Ọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe, ẹ gbọ́ tèmi. Ní ilé wa ní Ejìnrìn, ẹdùn àrá bàbá ńlá wa wà nínú ọpọ́n lórí odó Ṣàngó. Àbúrò mi ní kí a tà á fún ẹni tí yóò fi ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀. Ó ní ṣebí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Ṣáínà ayé àtijọ́ náà a máa gbé òkúta, títí kan aláwọ̀ ewé, ka orí igi gbígbẹ́ nínú yàrá ìkàwé wọn.

Òótọ́ ni. Wíwò ni wọ́n ń wo tiwọn; tiwa ń gba orógbó, ó ń gba epo, ó ń gba oríkì. Bí a bá dẹ́kun ìwọ̀nyí, ọ̀ṣọ́ lásán ni òun náà, ìbáà wà lórí odó. Kí a tó bá olùrà wí, ìgbà wo ni a bọ ọ́ kẹ́yìn?

Èmi kò ní tà á. Ní ọjọ́ Jàkúta tó ń bọ̀, n óò mú orógbó lọ. Àbọrú àbọyè.