Ayálégbé Kì Í Ṣe Àlejò

Agádágodo kan wà tí n kò lè gbàgbé. Dúdú ni, ó sì wúwo. Onílé kan ní Tanke ló fi sí ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ mi nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó jókòó ìdánwò àṣekágbá ní Yunifásítì Ìlọrin. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni owó ilé rẹ̀ ti parí. Ìwé rẹ̀ wà nínú yàrá, aṣọ rẹ̀ wà nínú yàrá, gàrí àti epo tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ wà nínú yàrá. Onílé gbé bẹ́ǹṣì sẹ́nu ọ̀nà, ó ń run orín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń sọ: “Ilé mi ni.” A dọ̀bálẹ̀ fún un. A lọ pe alfa àdúgbò, alfa bá wa bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ọdún ti gorí ọdún. Ohun tó ń dùn mí títí dòní kì í ṣe pé ó ti ilẹ̀kùn, ohun tó ń dùn mí ni pé a dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi jẹ gbèsè, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń fi agádágodo dá lẹ́jọ́. Nínú gbogbo wa lọ́jọ́ náà, ẹni kan ṣoṣo ló rú òfin, òun ló sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

“Ilé mi ni.” Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo àìsàn náà wà. Ìyá tó ta iṣu fún ọ ní ọjà Ìpata kì í tẹ̀ lé ọ délé kó máa ṣí ìkòkò rẹ wò pé iṣu òun ni. Ó ti tà á, ó ti gbowó. Onílé náà ti ta nǹkan: ó ta ọdún kan. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ìwé ilẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ka owó. Lójú òfin, ayálégbé ló ni gbígbé inú ilé náà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má wọlé, títí kan onílé fúnra rẹ̀. Bí ọdún bá sì parí, tí ayálégbé kò kúrò, ilé kò tíì padà sọ́wọ́ onílé. Kọ́ọ̀tù nìkan ló lè gbà á padà fún un. Èyí ni ọ̀pọ̀ onílé ní Ìlọrin kò fẹ́ gbọ́.

Wọ́n ka ayálégbé sí àlejò. Àlejò kì í bèèrè ìdí tí omi kò fi yọ. Àlejò kì í bínú pé wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣí yàrá òun nígbà tí òun wà níbi iṣẹ́, “láti wo ibi tó ń jò.” Àlejò kì í gba àlejò lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, kì í lọ aṣọ nítorí mítà kan ni gbogbo ilé ń lò, bí ó bá sì kí onílé láìtẹríba tó, ó ti dẹ́ṣẹ̀ nìyẹn. Wolé-wolé ayé ijọ́un, tí gbogbo ìlú ń sá fún, ìjọba ló rán an, ó sì mọ ohun tó wá wò: àmù omi àti ilé ìgbẹ́. Onílé ìsinsìnyí ń ṣe wolé-wolé láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Ẹlòmíràn á ní àṣà wa ni, pé ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀. Irọ́ ni. Ẹ bi àwọn àgbà tó mọ ìṣákọ́lẹ̀ léèrè. Ẹni tí ìdílé kan fún ní ilẹ̀ láti dáko yóò máa gbé iṣu, àgbàdo tàbí owó díẹ̀ wá lọ́dọọdún láti fi hàn pé òun mọ onílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí kò sì sọ pé ilẹ̀ ti di tòun, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ lè wà níbẹ̀ láéláé. Kí onílẹ̀ tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìwà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti burú kọjá ààlà, kí ó sì hàn bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́. Nígbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ dé ní 1978, àwọn kan rò pé ó ti pa ètò yìí rẹ́. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kò pa á rẹ́: onílẹ̀ ṣì ni onílẹ̀, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ sì ṣì wà lórí oko rẹ̀. Àṣà tó jẹ́ kí ọkàn àgbẹ̀ balẹ̀ fún ìran mẹ́ta, òun lẹ fẹ́ fi lé akẹ́kọ̀ọ́ síta lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá?

Mo mọ̀ pé ní àárín ìlú, ní Pàkátà tàbí Òkèlélé, agboolé ló pọ̀. Ẹbí ló ń gbé ibẹ̀. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ mógàjí, ó di ọ̀dọ̀ alángùá, ó parí. Tanke, Adéwọlé, Gáà-Akanbí, Fate kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò mọra rí ni wọ́n jọ ń gbé, owó àti ìwé ló sì so wọ́n pọ̀. N kò kọ pẹ̀tùsáàwọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n kò sí alángùá kankan tó lè fọwọ́ sí agádágodo.

Ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ kò le. Òfin gbígba ilé padà tí à ń lò ní Kwara ti ní gbòǹgbò láti ayé òyìnbó, láti 1945. Bí àdéhùn yín bá jẹ́ ti ọdọọdún, tí ẹ kò sì fẹnu kò sí nǹkan mìíràn, ìwé kó-jáde oṣù mẹ́fà ni onílé yóò fún ayálégbé. Bí ó bá jẹ́ ti oṣooṣù, oṣù kan. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ méje, tí onílé fi ń sọ pé òun ń gba kọ́ọ̀tù lọ. Ọjọ́ méje bá pé, ó kù sọ́wọ́ adájọ́. Bí adájọ́ bá gbọ́ tọ̀túntòsì tó sì pàṣẹ, bélíìfù kọ́ọ̀tù ni yóò wá gba ilé, kì í ṣe ọmọ onílé, kì í ṣe àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ra ọtí fún.

Ẹ tún wo bí òfin ti rọ onílé lọ́rùn tó. Bí ìwé àdéhùn bá ti sọ pé ọdún kan péré ni, láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, tí ọdún náà sì tán, kò nílò ìwé oṣù mẹ́fà mọ́. Ìwé ọjọ́ méje ti tó o. Ṣùgbọ́n onílé mélòó ló ń kọ àdéhùn? Wọ́n ń gba owó àgírímẹ́ǹtì, ayálégbé kì í fojú kan àgírímẹ́ǹtì. Ìwé tí a ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlá, tí orúkọ ayálégbé ìjẹta ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀ fírífírí, ni wọ́n ń nà síni pé kí a buwọ́ lù. Ìjà á wá dé, wọ́n á máa pariwo pé òfin kò gbè wọ́n.

Àwọn tó gbọ́n jù nínú wọn ń gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọlọ́pàá á ránṣẹ́ pe ayálégbé, wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kó kọ ọjọ́ tí yóò kó jáde sínú ìwé. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ láìfi bò pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Gbèsè owó ilé kì í ṣe olè. Bí a bá ń wá ọ̀daràn, Pẹ́nà Kóòdù tí a bá bọ̀ láti Àríwá ti júwe rẹ̀: ẹni tó wọ ibi tí ẹlòmíràn ń gbé láti halẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tó gun àkàbà láti ṣí páànù orí ayálégbé nínú òjò, òun ló yẹ kó wá bọ́ bàtà ní àgọ́.

Ní 1985, lábẹ́ ìjọba ológun, ìjọba Èkó fi ọlọ́pàá tó dìhámọ́ra lé Ojukwu, bẹ́ẹ̀ ni, Ojukwu Biafra gan-an, kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí, nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kọ́ọ̀tù. Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà. Ìjọba gba Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ lọ. Ní 1986, àwọn adájọ́, tí Káyọ̀dé Èṣó wà lára wọn, kọ̀ láti ṣí ọwọ́ àánú sí ìjọba náà: ẹni tó fi ìbọn gba ohun tó wà níwájú adájọ́ kò ní tún wá máa bẹ adájọ́. Bí ṣọ́jà tó ń ṣèjọba kò bá lẹ́tọ̀ọ́ láti fipá lé Ojukwu jáde, kí ni bàbá tó ní ilé yàrá mẹ́jọ ní Gáà-Akanbí fẹ́ fi òòlù rẹ̀ ṣe?

Mo kúkú mọ ibi tí àwọn onílé wa ti ń kọ́ ọ. Ní ìdájí 2 oṣù Kìíní 2020, katapílà ìjọba Kwara wó Ilé Arúgbó ní Ìlọrin, níbi tí àwọn arúgbó ti ń gba oúnjẹ àti owó lọ́dọ̀ ìdílé Saraki. Ìjọba ní ilẹ̀ ìjọba ni, àwọn Saraki ní ti bàbá àwọn ni. Ẹni tó jàre kò kàn mí níhìn-ín. Aago tí katapílà dé ló kàn mí. Ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ dá lójú kì í jí lóru láti lò ó.

Ẹ̀yin onílé á bi mí pé, ayálégbé burúkú ńkọ́? Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Mo mọ èyí tó jẹ owó ọdún méjì, tó tún fi yàrá kan nínú ilé náà háyà fún ẹlẹ́ẹ̀dú. Mo mọ èyí tó ń fi owó tí kò san gba lọ́yà, kí lọ́yà lè sọ pé ọjọ́ tó wà lára ìwé kó-jáde kò bá òfin mu. Ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn ṣí sílẹ̀ fún wọn tipẹ́. Ní oṣù Kejì 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dí i. Adájọ́ Helen Ogunwumiju ní kò bójú mu kí ayálégbé máa fi àbùkù ara ìwé jókòó lé ilé tí ẹlòmíràn ṣe làálàá kọ́, tó sì ń tibẹ̀ jẹun. Ìwé ìpẹ̀jọ́ tó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ti tó ìkìlọ̀ fún un. Ayálégbé tó jẹ gbèsè, kó san án, pẹ̀lú owó gbogbo ọjọ́ tó fi jókòó lẹ́yìn tí àsìkò rẹ̀ tán. N kò ní ẹkún kankan láti sun fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, àwáwí wo ló kù? Ẹ ní kọ́ọ̀tù ń pẹ́. Ó ń pẹ́ lóòótọ́. Ọ̀nà Ọjà Ọba náà máa ń dí, a kì í torí rẹ̀ gba orí òrùlé onílé kọjá.

Owó àkọ́gbà tún wà: rẹ́ǹtì, ejẹ́ǹtì, àgírímẹ́ǹtì, kọ́ṣọ̀n. Kọ́ṣọ̀n ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní bí o bá ba nǹkan jẹ́ ni wọn yóò fi tún un ṣe, bí o kò bá ba nǹkan jẹ́, wọn yóò dá a padà. Ilé mẹ́rin ni mo ti gbé ní Ìlọrin. N kò gba kọ́bọ̀ padà rí, èmi tí mo kun ògiri ilé kẹta lọ́dà kí n tó jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2007, onílé tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn fi sápò, ó gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ ètò ààbò tí ìjọba fọwọ́ sí. Láti 2019, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, kò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Peckham mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn kan nínú wọn ló ti kọ́ ilé háyà sílé báyìí, tí wọn kì í dá kọ́ṣọ̀n padà.

Èkó ti kọ tiwọn sílẹ̀ ní 2011. Onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bí ó bá gbà á, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹni tó fipá lé ayálégbé, tàbí tó ba ilé jẹ́ mọ́ ọn lórí, ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó oṣù mẹ́fà. Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú rẹ̀, òfin tó ń tijú olówó. N kò ní purọ́ pé gbogbo onílé Èkó ló ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé, ayálégbé lè nàka sí i. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ Ilé Aṣòfin Kwara nìyẹn, láìyọ GRA kankan sílẹ̀: kí ẹ kọ iye tí agádágodo yóò ná ẹni tó bá fi í sílẹ̀kùn, kí ó sì pọ̀ tó èyí tí yóò dun onílé ju oṣù tó fi ń dúró de kọ́ọ̀tù lọ.

Ọ̀rẹ́ mi wọ ṣòkòtò mi lọ ṣe ìdánwò ọjọ́ kìíní. Ó gùn jù ú lọ, ó ká a nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kẹrin ni bàbá rẹ̀ fi owó ọdún kan ránṣẹ́. Onílé kà á, ó tún un kà, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ kan sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ó ku owó agádágodo.