Wàrà Tó fún Táko ní Kàbà

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe táko, oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò, oníwàràkàṣì àti edé nílé ní Kàbà kò nílò wàràkàṣì òkè òkun olówó gọbọi. Wàrà àwọn obìnrin Fúlàní, tí wọ́n fi omi ewé bomubomu mú dì, dára púpọ̀ fún un. Àwọn kan á ní kì í yọ́ lórí iná. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wàràkàṣì queso fresco tí àwọn ará Mẹ́síkò fúnra wọn ń rún sórí táko kì í yọ́ dáadáa náà. Ẹ gé wàrà wẹ́wẹ́, ẹ dín in títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi pọ́n, ẹ dà á lé edé aláta àti àlùbọ́sà nínú táko, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe táko pàápàá, Mẹ́síkò ló ti ṣẹ̀, a ò sì pè é lájèjì mọ́.