Ẹ Fi Ariwo Sìlíńdà Mẹ́rin Sílẹ̀ Fún Pápá Eré

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń bèèrè bí wọ́n bá rí alùpùpù eléré ni iye agbára ẹṣin tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ 180, ojú wọn á tàn. Bí wọ́n bá gbọ́ 73, wọ́n á yínmú, wọ́n á ní ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ìbéèrè yẹn ló ń ṣì wọ́n lọ́nà. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: ẹni tó bá fẹ́ gun alùpùpù eléré lójú títì, sìlíńdà méjì tó ní tọ́ọ̀kì ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá lọ ra sìlíńdà mẹ́rin fún títì kan náà ń sanwó ohun tí kò ní rí lò, ó sì tún ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ kún owó náà.

Tọ́ọ̀kì ni agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń lọ́ ọ̀pá kránkì, tí ṣéènì ń gbé lọ bá táyà ẹ̀yìn. Agbára ẹṣin ni ohun tí a máa ń rí bí a bá fi iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan sọ tọ́ọ̀kì yẹn di púpọ̀. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà láti kó agbára ẹṣin jọ: kí ẹ́ńjìnnì máa lọ́ ọ̀pá náà tagbára-tagbára, tàbí kó máa yí wìrìwìrì. Ẹ wo àwọn tó ń gúnyán. Géńdé méjì tó di ọmọ odó ńlá mú, tí wọ́n ń gún un gbì-gbì, àti ọmọdé mẹ́rin tí ọmọ odó wọn kéré, tí wọ́n ń gún un wàràwàrà. Iyán lè kúnná lọ́wọ́ ìkọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọdé yẹn bá dẹwọ́ díẹ̀ báyìí, kókó ni a ó jẹ.

Yamaha fúnra wọn ti fi ọ̀rọ̀ yìí hàn wá. R6 wọn ní sìlíńdà mẹ́rin, 599 cc; mìlímítà 42.5 péré ni písítìnì rẹ̀ ń rìn. Kí ẹ tó rí agbára ẹṣin 118 tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹ́ńjìnnì dé ìyípo 14,500 ní ìṣẹ́jú kan. Tọ́ọ̀kì rẹ̀ tó pọ̀ jù, Nm 61.7, ń dúró dè yín ní 10,500. Ẹ wá wo R7 tó jáde ní 2021: sìlíńdà méjì, 689 cc, písítìnì tó ń rin mìlímítà 68.6. Agbára ẹṣin 73 péré ni, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ Nm 67, ní 6,500. Èyí tí wọ́n ń yínmú sí ló ní tọ́ọ̀kì jù, ó sì ń gbé e kalẹ̀ ní ìyípo 4,000 ṣáájú èkejì. Kò yà mí lẹ́nu pé lẹ́yìn 2020, Yamaha kò ta R6 tuntun fún ojú títì ní Yúróòpù mọ́. Òfin èéfín dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á náà ti dín kù.

Mo bẹ̀ yín, títì wo ni ẹ ti fẹ́ rí àyè 14,500? Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, máìlì 70 ní wákàtí kan ni òfin gbà ní ọ̀nà márosẹ̀, jíà kìíní R6 nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yín dé ibẹ̀. Nílé ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gba Iléṣà, ká kọjá Erin-Ìjẹ̀ṣà, ká máa pọ́n òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Kọ́nà ń tẹ̀lé kọ́nà, tírélà ń fà níwájú, kòtò lè wà ní ẹ̀yìn kọ́nà tí ojú ò tíì tó. Ẹni tó wà lórí sìlíńdà mẹ́rin á dín eré kù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á bọ́ sí 4,000, ibi tí kò ti sí nǹkan gidi nínú rẹ̀. Kó tó lè kọjá tírélà yẹn, ó gbọ́dọ̀ já jíà méjì, kó jẹ́ kó ké dáadáa, kó sì máa gbàdúrà pé ohunkóhun ò ní yọ níwájú ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ẹni tó wà lórí sìlíńdà méjì á yí ọwọ́ ọ̀tún, á lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo ń jà fún. Ojú títì ni ààbò ti ń wá láti inú agbára tó wà ní sẹpẹ́ nígbà tí ẹ kò tíì ronú jíà.

Ohun mìíràn wà tí ìwé kì í kọ. Nínú ẹ́ńjìnnì V ti ìwọ̀n dígírì 90, níbi tí sìlíńdà méjì ti ya síra wọn bíi lẹ́tà V, ìbúgbàù kò dọ́gba: kránkì á yí ìwọ̀n 270 kí ìkan tó tẹ̀lé ìkan, lẹ́yìn náà 450. Yamaha rí i pé ó dára, wọ́n sì gbẹ́ kránkì 270 fún TRX850 ní 1995 kí sìlíńdà méjì tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn náà lè máa lù bẹ́ẹ̀. R7 ń lò ó, Aprilia RS 660 náà ń lò ó. Ẹni tó bá ń gùn ún ń gbọ́ ìlù kọ̀ọ̀kan láti abẹ́ ìjókòó, ó sì ń mọ ìgbà tí táyà ẹ̀yìn di ilẹ̀ mú àti ìgbà tó fẹ́ yọ̀.

Àwọn alátakò máa ń fà mí lọ sí pápá eré. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ. Ní Imola ní 1972, Paul Smart àti Bruno Spaggiari fi Ducati 750 gba ipò kìíní àti ìkejì. Carl Fogarty fi Ducati gba ife-ẹ̀yẹ World Superbike ní 1994, 1995, 1998 àti 1999. Òfin ràn án lọ́wọ́, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́: wọ́n gba sìlíńdà méjì láyè dé 1000 cc nígbà tí mẹ́rin kò gbọdọ̀ ju 750 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Honda, tí CB750 onísìlíńdà mẹ́rin sọ di ọ̀gá láti 1969. Àwọn náà gbé mẹ́rin tì, wọ́n kọ́ VTR1000 SP-1 onísìlíńdà méjì, Colin Edwards sì fi í gba ife ní 2000 tó kọ́kọ́ jáde. Ní 2002 ó tún gbà á lọ́wọ́ Troy Bayliss ti Ducati: ó borí nínú eré méjèèjì ní Imola nígbà tí ìdíje ọdún náà ń parí, àmì 11 péré ló sì fi jù ú lọ. Sìlíńdà méjì sí sìlíńdà méjì ni ìjà yẹn.

Lẹ́yìn èyí òfin yí padà, mẹ́rin náà gba 1000 cc. Nígbà tó yá, wọ́n gba sìlíńdà méjì láyè dé 1200 kó lè máa bá wọn kẹ́sẹ̀, Carlos Checa sì ni ẹni ìkẹyìn tó fi í gba ife, ní 2011. Ní 2018, Ducati fi sìlíńdà mẹ́rin sí Panigale wọn tó ga jù. Ibí yìí ni wọ́n máa ń rò pé wọ́n ti dá mi. Rárá o. Mo gbà pé nínú pápá eré, mẹ́rin ló ni í: písítìnì ńlá tó ń rìn jìnnà kò lè yára tó kékeré, níbi tí kò sì ti sí kòtò, tí kò sí ẹni tó ń bọ̀ níwájú, ẹni tó lè yí jù ló ń borí. Títì tiwa kì í ṣe pápá eré.

Ducati mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Panigale V2 ti 2025, agbára ẹṣin 155 ló wà nínú ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú un wá sí 120, wọn ò sì tọrọ gáfárà. Ẹ́ńjìnnì tuntun náà jẹ́ 890 cc, ìwọ̀n rẹ̀ kò pé kílò 55, ó sì ń gbé ohun tó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀ láti 3,000. Wọ́n tún yọ ètò fáàfù desmo kúrò nínú rẹ̀, ètò tí ẹnjiníà wọn, Fabio Taglioni, fi sọ ilé iṣẹ́ náà dolókìkí, wọ́n fi sípíríìngì lásán rọ́pò rẹ̀, ó wá di kílómítà 30,000 kí mẹkáníìkì tó ṣí fáàfù wò. Ilé iṣẹ́ tó gbé iyì rẹ̀ ka eré sísá ló fọwọ́ ara rẹ̀ dín nọ́ńbà kù nítorí ẹni tó ń gun títì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní 120 kéré, kó wo Isle of Man, níbi tí wọ́n ti ń sá eré lójú títì gidi, láàárín ilé àti ọgbà: Michael Dunlop ti gun alùpùpù 650 onísìlíńdà méjì yí ọ̀nà tó lé ní máìlì 37 níbẹ̀ ní ìwọ̀n eré tó ju máìlì 120 lọ ní wákàtí kan.

Kì í ṣe gbogbo sìlíńdà méjì ni mo ń bá polówó. Panigale 1299 ti 2015 ní agbára ẹṣin 205. Ohun tí mo sọ nípa R6 kàn án náà, ó tún le jù ú lọ. TL1000S tí Suzuki gbé jáde ní 1997 ní tọ́ọ̀kì rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n débi pé wọ́n ní láti wá nǹkan tó ń dá a dúró fi sí i. Láàárín 650 sí 900 cc ni oyin wà. SV650 tó ti wà láti 1999, ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ lè rí tòkunbọ̀ rẹ̀, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìwé àṣẹ A2 lè gun R7 tàbí SV650 bí wọ́n bá dín agbára rẹ̀ kù sí kW 35, kí wọ́n sì dá a padà nígbà tí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ kíkún.

Àwọn kan wà tí sìlíńdà méjì kò yẹ. Ẹni tó jẹ́ pé inú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Èkó ló ń wà láàárọ̀ lálẹ́, kó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì V eléré. Sìlíńdà ẹ̀yìn wà lábẹ́ itan rẹ̀ gan-an. Lórí afárá Third Mainland ní ọ̀sán gangan, ooru yẹn á jẹ ẹ́ lẹ́ran. Ẹni tí kò fẹ́ ìgbọ̀nrìrì, kó má rà á. Ẹni tó fẹ́ràn láti máa wọ́ jíà ńlá lórí eré díẹ̀ náà kò ní gbádùn rẹ̀, torí nísàlẹ̀ 3,000 ó lè máa ta bí ẹni pé ṣéènì fẹ́ já. Kí ẹni tó bá sì fẹ́ já jíà mọ̀ pé bó bá dẹ ọwọ́ ọ̀tún, ẹ́ńjìnnì náà ń dá táyà ẹ̀yìn dúró gan-an. Ẹsẹ̀ oníwàdùwàdù lè mú kí táyà náà yọ̀ nínú òjò. Ìwọ̀nyí jẹ́ àbùkù tòótọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ohun tí àwọn tó ń yínmú ń sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ni, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kí ẹ gùn ún lọ sí ibi tí òkè àti kọ́nà wà. Ẹ fi sí jíà kẹta, kí ẹ́ńjìnnì wà ní nǹkan bí 3,500 bí ẹ ṣe ń jáde nínú kọ́nà, kí ẹ wá rọra yí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá ti pọ́n òkè náà tán kí ẹsẹ̀ òsì yín tó rántí jíà, ẹ sanwó. Bó bá jẹ́ pé igbe ni etí yín ṣì ń wá, ẹ ra sìlíńdà mẹ́rin, kí ẹ sì ya owó sọ́tọ̀ láti máa gbé e lọ sí pápá eré, torí ibẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún.