Awakọ̀ Kọ́, Ògbufọ̀ Ni

Bí olùkọ́ kan ní Èkó-Ende bá fi kọ̀ǹpútà kọ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá, tí ó sì gbé e lọ tẹ̀ ní Ìkìrun tàbí ní Òkukù, ohun méjì lè dé bá iṣẹ́ náà. Ìlà ìsàlẹ̀ lè gé kúrò lójú ìwé. Àmì abẹ́ lẹ́tà sì lè pòórá, kí ọkọ di oko. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ pé pérépéré lójú kọ̀ǹpútà.

Aláṣẹ méjì ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ètò ìkọ̀wé ní ìlànà tirẹ̀ nípa ìwọ̀n ìwé, iye ẹ̀dà àti ìrísí lẹ́tà. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní driver, tí ó wà láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, náà ní ìlànà tí ó ti wà nílẹ̀. Nínú Windows, ìlànà ètò ìkọ̀wé ni ó sábà máa ń borí nípa ìwọ̀n ìwé. Ibi tí ètò ìkọ̀wé kò bá ti sọ̀rọ̀, bí i dídín tádàá kù, ọ̀rọ̀ ti ìkejì ni yóò ṣẹ. Ìwé A4 jẹ́ mìlímítà 210 sí 297. Letter ti Amẹ́ríkà jẹ́ 216 sí 279. Bí iṣẹ́ A4 bá bọ́ sórí Letter, nǹkan bí mìlímítà 18 ni kò ní rí àyè. Bí ó bá jẹ́ pé Letter ni ètò ìkọ̀wé ń béèrè, ẹ̀rọ mìíràn yóò dúró máa retí ìwé tí kò sí ní gbogbo àdúgbò.

Ti lẹ́tà ni ó burú jù. Àwọn driver kan fún ẹ̀rọ PostScript ní àtẹ tí wọ́n fi ń fi Times tí ó wà nínú ẹ̀rọ rọ́pò Times New Roman, kí iṣẹ́ lè yá. Wọn kò bi ètò ìkọ̀wé léèrè. Bí Times ti inú ẹ̀rọ kò bá ní ẹ, ọ àti ṣ, ìṣòro dé.

Nítorí náà, “awakọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé” kò bójú mu. Kò sí ọkọ̀ tí ó ń wà. Èdè ni ó ń túmọ̀. Ògbufọ̀ ni. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè yí padà lẹ́nu rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè fẹ́ fi ògbufọ̀ pe ohun mìíràn, èyí tí ń ka àṣẹ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àtakò yìí lágbára, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí a máa pè é tán: ògbufọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Àwọn ìdìpọ̀ Èdè-Ìperí Yorùbá ti 1984 àti 1990 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Wọn kò dé ibí yìí. “Ètò” lásán fún ìlànà méjèèjì kò tó. Àwọn ará Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù mọ omi tí a sé ní Odò Ọ̀tìn ní Èkó-Ende. Bí omi kò bá yọ, ẹnu ẹ̀rọ àgbàlá yàtọ̀ sí ẹnu páìpù ńlá ibùdó omi. Ẹni tí ó bá fi orúkọ kan pe méjèèjì kò ní mọ ẹni tí yóò bá wí. “Ìlànà ìwé” ni kí ti ètò ìkọ̀wé jẹ́, kí ti ògbufọ̀ jẹ́ “ìlànà àtilẹ̀wá”. Nígbà náà ni olùkọ́ yóò lè sọ fún onítẹ̀wé pé: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìlànà àtilẹ̀wá ẹ̀rọ yín, kí ó má pààrọ̀ lẹ́tà.”