Ọ̀nà Tó Dé Ẹyinjú

Ojú lọba ara. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nípa jẹjẹrẹ kan tó máa ń mú ojú ọmọdé, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọdún 5. Retinoblastoma ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, èmi a máa rò pé bí oògùn kan bá ti pa jẹjẹrẹ nínú abọ́ yàrá ìwádìí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kí wọ́n fún aláìsàn ló kù. Ìtàn oògùn kẹ́mò tó ń jẹ́ melphalan ló kọ́ mi pé ìdajì iṣẹ́ ni ìyẹn.

Ní orílẹ̀-èdè Japan, àwọn onímọ̀ sin sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ojú ọmọdé nínú abọ́, wọ́n sì fi oríṣiríṣi oògùn kẹ́mò dán wọn wò. Ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: lẹ́yìn oògùn yìí, sẹ́ẹ̀lì mélòó ló ṣì lè máa bí sí i? Lọ́dún 1987, Inomata àti Kaneko gbé èsì jáde: melphalan ló ta yọ. Kì í sì í ṣe oògùn tuntun. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi tọ́jú jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn eegun àwọn àgbàlagbà.

Ṣùgbọ́n abọ́ kì í ṣe ọmọ. Nínú abọ́, ojúkojú ni oògùn àti sẹ́ẹ̀lì wà. Nínú ara, ẹ̀jẹ̀ a máa là á, ojú pẹ̀lú sì ní ààbò tí kì í jẹ́ kí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ráyè wọlé. Bí a bá ní kí a máa gún ọmọ lábẹ́rẹ́ melphalan títí yóò fi tó nínú ojú, mùdùnmúdùn eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jìyà. Ta ni yóò dáná sun ilé nítorí eku kan?

Ọ̀nà ló wá kù láti wá. Kaneko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rọ́bà kékeré tó ń wú dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ fún ìgbà díẹ̀, kí oògùn lè yà sí ojú. Lọ́dún 2006, ní New York, David Abramson àti Pierre Gobin ti rọ́bà tín-ín-rín láti ìpìlẹ̀ itan, ó gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ títí dé ẹnu èyí tó ń bọ́ ojú gan-an. Ìwọ̀nba oògùn díẹ̀ sì tó. Wọ́n ti pinnu láti yọ ojú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ojú wọn kò yọ mọ́.

Síbẹ̀, gbogbo ọgbọ́n yìí kò lè ṣe púpọ̀ fún ọmọ tí a gbé dé lẹ́yìn tí àrùn ti jáde kúrò nínú ẹyinjú. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ya fọ́tò ọmọ yín lójoojúmọ́, bí iná kámẹ́rà bá tàn tí ọmọlójú kan sì funfun bí ojú ológbò lóru, ẹ gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kíákíá. Ó lè má jẹ́ jẹjẹrẹ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kán àgbo sí i lójú, kí ẹ sì máa wo ọjọ́ iwájú. Àwọn kan ti wá ọ̀nà tó dé ẹyinjú. Ọ̀nà tó dé ilé ìwòsàn ló kù sí wa lọ́wọ́.