Lórí Òkè Helvellyn Nígbà Òtútù

Funfun báláú ni òkè Helvellyn, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi gbéra láti abúlé Glenridding nínú oṣù Kejìlá. Ó ga tó mítà 950. Lójoojúmọ́ nígbà òtútù, òṣìṣẹ́ kan a máa gun òkè náà láti wo bí òjò dídì àti afẹ́fẹ́ ti rí, kí ó lè kìlọ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò. (Ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún!)

Kì í ṣe òtútù ni mo bẹ̀rù jù. Lókè téńté, afẹ́fẹ́ a máa gbá òjò dídì jọ sí bèbè ọ̀gbun títí yóò fi yọ síta bí etí òrùlé. Lójú ẹni tí ń rìn, ilẹ̀ ni. Òfìfo ló wà lábẹ́ rẹ̀, adágún Red Tarn sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nígbà tí aago kan ọ̀sán lù, ìkùukùu bo orí òkè, a kò sì rí bèbè mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní ó ku díẹ̀ kí a dé òkè. Mo ní kí a padà, nítorí pé kí aago mẹ́rin tó lù ni oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀ lóṣù yẹn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí a ń mu tíì gbígbóná ni ó tó béèrè ọjọ́ tí a ó tún lọ.