Agara Ń Dá Àwọn Tí Ń Bá Wa Tún Èdè Ṣe

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, gbogbo wa ni a ń lo Wikipedia, bí a tilẹ̀ fi pamọ́ fún àwọn tí ń yẹ mémoire wa wò. Ti èdè Yorùbá ti ní àyọkà tí ó lé ní 30,000. Kò sí ẹni tí ń gba owó oṣù nídìí rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti jáde.

Àwọn ènìyàn díẹ̀ yìí ni agara ń dá. Kì í ṣe tiwa nìkan: lórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, iye àwọn tí ń ṣiṣẹ́ déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lẹ́yìn 2007. Ní ojú tiwa, kíkọ kọ́ ni ó ń tán wọn lókun, àtúnṣe ni. Bí wọ́n bá ṣe ìdíje tí ó ní ẹ̀bùn, àyọkà a ya wọlé bí omi òjò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀rọ ni ó túmọ̀ wọn, láìsí àmì ohùn. Ẹ̀bùn tán, àwọn olùdíje a tú ká. Ẹni tí ó kù nílé ni yóò jókòó ti “oko” tí kò lámì, tí yóò ka gbólóhùn náà tán kí ó tó mọ̀ bóyá oko àgbàdo ni, ọkọ ìyàwó ni, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀ ni, tàbí ọkọ̀ ojú omi. Owó ara rẹ̀ ni ó fi ra íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń lò.

Àwa ará Àjàṣẹ́ tún ń dá kún ẹrù náà. Álífábẹ́ẹ̀tì ti 1975 ní Benin ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp. Wikipedia Yorùbá ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. Bí a bá kọ tiwa ránṣẹ́, ẹlòmíràn ni yóò yí i padà.

Àwọn kan ń sọ pé, “Ta ni ó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́?” Ọ̀rọ̀ ẹni tí ń jẹun láìwo ìdí ààrò nìyẹn. Kí àwọn tí ń ṣètò ìdíje máa fi ẹ̀bùn sí àtúnṣe pẹ̀lú. Àwa tí a ń kọ́ nípa ohùn ní kíláàsì, kí a gba àyọkà mẹ́wàá mẹ́wàá lóṣù, kí a fi àmì sí wọn. Wikipedia Ègùn àti ti Fọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ẹnu ọdún mélòó kan yìí ni. Ọwọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó gbọ́ èdè wọ̀nyí láàrin wa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.